Máṣíìnì Tí Wọ́n Pín Kàn Mí

Nígbà tí wọ́n pín ogún ọkọ mi, máṣíìnì alùpùpù tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìpín mi. Àáfà tó wá bá wa pín in kò mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé ìyàwó ní ìdámẹ́jọ, pé Ọlọ́run ló pín in bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dáhùn pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ ìyàwó àwọn jẹ. Ó wá na ọwọ́ sí igun àgbàlá níbi tí máṣíìnì náà fẹ̀yìn ti ògiri sí.

"Kí Ìyàwó máa mú ìyẹn. Yóò máa gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́."

Àáfà ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Gbogbo ilé ṣe àmín. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìkan la mọ̀ dájú pé láti ìgbà tí àìsàn ti dá ọkọ mi dúbúlẹ̀ ni kò ti sẹ́ni tó lè ta nǹkan náà jí, àti pé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, ojú ọ̀nà ló máa ń kú sí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ opó ṣì wà lára mi, ẹkún kò sì tíì jáde tán lọ́fun mi, ta ni mo fẹ́ máa bá jà? Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

N kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé ìlú ńlá, ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ti pàdé. Òṣìṣẹ́ ìjọba lòun, ó wà lára àwọn tó ń lọ sí abúlé láti gún màlúù àti ewúrẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tí yóò máa gùn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ra máṣíìnì náà, tòkunbọ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó wọn wọlé láti Kútọnu. Ọjọ́ tó gbé e délé, ó nù ún títí ó fi ń dán, ó sì pè mí wá wò ó.

"Tíṣà," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "wo táàpù epo rẹ̀. Kò ní ibi pípa. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń pa á."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa. Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Òun náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ohun tí ẹni tó tà á fún un wí ló ń tún wí. Àwọn máṣíìnì tí a mọ̀ nígbà náà, bí èèyàn bá gbé wọn sílẹ̀, á fi ọwọ́ yí táàpù abẹ́ táǹkì, epo á dúró. Ti eléyìí yàtọ̀. Ibi mẹ́ta ni ọwọ́ táàpù náà lè kọjú sí, wọ́n sì fi lẹ́tà òyìnbó sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ON ni ti ìrìn ojoojúmọ́, RES ni ti epo ìsàlẹ̀ táǹkì nígbà tí epo bá fẹ́ tán, PRI ni ẹ̀kẹta. Ọkùnrin Kútọnu yẹn ti kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má fọwọ́ kan PRI, pé bí ó bá gbé e síbẹ̀, epo á ya wọ inú ẹ́ńjìnì, á sì bà á jẹ́. Ọkọ mi gba ìkìlọ̀ yẹn bí ẹni gba àṣẹ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀. Nínú ìlú, kò sí wàhálà. Ọkọ mi á gbé e lọ sí ọ́fíìsì, á gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, á gbé e padà. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ojú ọ̀nà Màlété, tó ti sáré díẹ̀, tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, nǹkan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á fà sẹ́yìn, á sì dákẹ́. Ọkọ mi á sọ̀kalẹ̀, á dúró sábẹ́ igi, á tún tàpá sí i. Nígbà mìíràn á jí, á sáré díẹ̀ sí i, á tún kú. Àwọn mẹkáníìkì ṣe é títí. Èyí pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, èyí fọ kábúrétọ̀, èyí ní orí ẹ́ńjìnì ló ti jẹ. Gbogbo wọn ló ń tàpá sí i níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, á jí, á máa dún dáadáa, wọ́n á ní ó ti parí. Ẹ́ńjìnì tútù ni wọ́n ń dán wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gùn ún dé ibi tó ti ń kú.

Mo ṣì rí ọkọ mi lójú mi, bó ṣe ń tì í bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, tí erùpẹ̀ pupa ti bò ó láti orí dé bàtà, tí àpótí abẹ́rẹ́ màlúù wà léjìká rẹ̀ torí kò fẹ́ kí ó gbóná lórí máṣíìnì. Á gbé e ti ògiri, kò ní bú u, kò ní gbá a. Á kàn wò mí, á ní, "Tíṣà, ó tún ti ṣe é." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ta iṣu ní ọjà Ìpàtà, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn àlejò: "Àwọn kan ń gun máṣíìnì, máṣíìnì ń gun àbúrò tèmi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gùn ún ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan nígbà ọlidé, ó ń sáré lẹ́yìn mi, ó ń pariwo pé kí n má wo ilẹ̀, kí n wo iwájú. Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó ọjọ́ yẹn lórí ọ̀rọ̀ máṣíìnì náà.

Àìsàn inú ló pa á. Ẹyinjú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo pupa, lẹ́yìn náà ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà náà, bí èèyàn bá gbé aláìsàn dé ọsibítù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ra abẹ́rẹ́, yóò ra ìbọ̀wọ́, yóò ra omi tí wọ́n máa fà sí i lára àti ọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fi fà á. Mo ń sá sókè sá sódò láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan dé òmíràn. Ọjọ́ tí mo ra ọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn bọ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣàánú mi ní kí n má sọ nǹkan náà nù, kí n mú un lọ sílé, mo lè rí ẹni tí yóò wúlò fún. Mo mú un lọ sílé. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Lẹ́yìn tí mo parí opó, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni wà ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà Màlété, ọkọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá sì wà, bí epo bá wọ́n, kò ní jáde. Epo sì wọ́n lọ́dún yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn èèyàn ń sùn sí ilé epo. Mo máa ń dé iwájú kíláàsì mi nígbà tí oòrùn ti ga. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fara dà á títí, níkẹyìn ó pè mí, ó ní, "Ìyá, gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Àmọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà kò le, ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí ó tọ̀nà.

Nígbà tí mo délé ọjọ́ náà, mo lọ dúró níwájú máṣíìnì. Adìẹ ti ń sùn lórí ìjókòó rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan létí Ìpàtà. Ọmọlúàbí ni, kò fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ó wò ó yíká, ó ní, "Àǹtí, irú eléyìí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọkàn mi kò gbà kí n gba iṣẹ́ yín, mo lè má rí i tún ṣe." Ó ṣáà fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, ó da epo tuntun sí i, ó yí táàpù síbí ó yí i sọ́hùn-ún, ó tàpá sí i, ó sì jí. Mo gùn ún kúrò níbẹ̀, ọkàn mi fò sókè. Kò tíì pẹ́ tí mo kọjá iwájú àwọn oníṣu tó fi húkọ́, tó sì kú sí mi nídìí láàárín ọjà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Àwọn alábàárù ń pariwo pé kí n yà fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí àga lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, òkìtì iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin abáṣiṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọn kò ṣe nǹkan kan.

"Ìyàwó," ó ké sí mi, "ṣé o ṣì ń bá òkú yẹn fà á?"

"Ẹ kú ọjà, Àlàájì," ni mo fi dá a lóhùn. Mo ń tì í lọ. Kò rán ẹnikẹ́ni kí ó bá mi tì í.

Lẹ́yìn èyí ni mo pinnu pé mi ò ní gbé e lọ síbì kankan mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí àwọn ọmọ mi ti lọ sí ilé kéú, mo tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ ní àgbàlá, mo kó sípánà ọkọ mi àti àwọn irin tó fi ń tú bóòtù jáde, mo jókòó. Mo kàn ń bínú ni, mo fẹ́ mọ ohun tó ń fi ọkọ mi wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Mo kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì, torí mo gbọ́ pé bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé láti òkè, epo kò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Mo tàpá sí i pẹ̀lú ìdérí tó ṣí sílẹ̀. Kò yí padà. Mo wá fa ọ́ọ̀sì epo yọ kúrò lẹ́nu kábúrétọ̀, mo fi agolo mílíìkì gbè é nísàlẹ̀. Ọwọ́ táàpù wà ní ON. Ẹ̀kán epo kan kò sọ̀. Mo yí i sí RES. Kò sí nǹkan. Èèyàn mìíràn á ní táàpù ti dí nìyẹn. Ìkìlọ̀ ọkùnrin Kútọnu wá sí mi lọ́kàn, mo ní, ẹni tó ni ìkìlọ̀ kò sí níbí, ẹni tó gbà á ti wà nínú sàréè. Mo yí i sí PRI.

Epo dà ṣààà! Ó kún agolo, ó dà sí ìró mi lára kí n tó rí i yí padà.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Táàpù kò dí nìyẹn. Epo wà, ọ̀nà rẹ̀ sì mọ́. Kí ló wá dé tí kò fi sọ̀ ní ON? Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ lọ́jọ́ tó gbé e délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò, pé ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń pa á. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì ló ń pa á, ẹ́ńjìnì náà ló gbọ́dọ̀ máa ṣí i. Ẹ́ńjìnì kò sì ní ọwọ́. Kí ló fi ń ṣí i?

Mo tú ìjókòó, mo tú bóòtù ẹ̀yìn táǹkì, mo gbé táǹkì sókè díẹ̀, mo fi igi gbé e ró. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọ́ọ̀sì méjì ló ti ara táàpù náà jáde. Ọ̀kan ni èyí tó nípọn, tí epo ń gbà, tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Ọ̀kan tún wà lẹ́yìn, tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, tó gba abẹ́ táǹkì lọ sí ọ̀fun ẹ́ńjìnì, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa èémí sínú. Mo yọ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì. Kò sí epo nínú rẹ̀, gbígbẹ ni. Mo fi sẹ́nu, mo fà á. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń wọlé sí mi lẹ́nu, bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi pẹ̀lú ìdí ewé ìbẹ́pẹ tó ti lu. Mo wá yọ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ táàpù pẹ̀lú, mo fi ẹnu ara mi bo imú kékeré tó yọ jáde lára táàpù, mo sì fà á gidi. Nǹkan kan dún kọ́ nínú rẹ̀, ó di ẹnu mi mú, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú agolo. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Epo dúró. Mo tún fà á. Ó tún dà.

Ó yé mi wàyí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, òun ni yóò máa fa èémí gba ọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, èémí náà ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún epo. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró, ìlẹ̀kùn á pa dé. Ara táàpù le koko. Ọ́ọ̀sì ló ń ṣàìsàn.

Mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka. Láti òkè, bí tuntun ló rí. Nígbà tí mo yí i padà ni mo rí ibi tó ti là, ní abẹ́, ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé láìgbé táǹkì. Tẹ́lẹ̀, bó bá tutù, rọ́bà náà á le, ẹnu ibi tó là á pa dé. Bó bá gbóná, á rọ̀, á yà bí ètè. Ó ti wá là débi pé kò pa dé mọ́ rárá. Nǹkan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ mi ṣe ń ti irin láti abúlé dé abúlé. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Mo pariwo. Kì í ṣe ẹkún, ariwo lásán ni, ìyá ọkọ mi sì yọjú láti yàrá rẹ̀.

"Ìyàwó mi, kí ló dé? Ṣé o fara pa ni?"

"Rárá, Ìyá. Mo rí i ni."

"Kí lo rí?"

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo ní kò sí nǹkan.

Irú ọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti mọ ibi tí mo ti máa rí èyí tó jọ ọ́. Mo wọlé, mo ṣí àpótí aṣọ, mo mú èyí tí mo rà fún ọkọ mi tí wọn kò lò jáde, mo já ọ̀rá rẹ̀. Mo gé e bó ṣe gùn tó. Ẹnu rẹ̀ há jù fún imú táàpù, nítorí náà mo rì í bọ inú omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, mo sì tì í wọlé. Mo dá táǹkì padà, mo yí táàpù sí PRI fún ìgbà díẹ̀ kí epo lè kún kábúrétọ̀, mo yí i padà sí ON, mo tàpá sí i.

Mo gùn ún dé ọ̀nà Màlété lọ́jọ́ náà gan-an, mo kọjá gbogbo ibi tó máa ń kú sí. Kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Àkókò díẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lè pè ní àkókò ìsinmi mi lẹ́yìn ikú ọkọ mi. Mo ń dé ilé-ẹ̀kọ́ kí aago tó lù. Bí mo bá ń bọ̀, àwọn òbí àwọn ọmọ á kó ẹ̀gẹ́ tàbí ẹ̀wà sí mi lẹ́yìn. Mẹkáníìkì etí Ìpàtà bá mi wá ọ́ọ̀sì gidi rí, ó fi rọ́pò ti ọsibítù, ó sì ní kí n ṣàlàyé táàpù náà fún òun. A jọ rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ń wò mí nígboro, opó tó ń gun máṣíìnì, mo jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó wá sí àgbàlá wa, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó, mo rí ọ ní Ìpàtà láàárọ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́, Àlàájì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí o yá mi. Iṣu wà lábúlé kan tí mo fẹ́ lọ wò kí àwọn ẹlòmíràn tó débẹ̀. Lọ́la ni mo máa dá a padà."

"Àlàájì, ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́la."

Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi, yá a. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ni. Bí ọkọ rẹ bá wà láyé, ṣé yóò ní kó má gbà á?"

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Bí mo bá kọ̀, èmi ni aláìmọ̀wà-á-hù, èmi ni ará òkè tí wọ́n gbé wọlé tó wá ń bá onílé du nǹkan onílé. Mo mú kọ́kọ́rọ́ fún un. Ó gùn ún jáde, àwọn ọmọ mi ń wò ó.

Ọ̀la dé, kò dá a padà. Ọ̀sẹ̀ yí po. Mo lọ bá a lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ní iṣu ṣì ń jáde, kí n ṣe sùúrù. Mo tún lọ, ó bi mí níwájú àwọn oníbàárà pé ṣé mo rò pé òun fẹ́ jí i ni. Mo wá lọ bá Àáfà tó bá wa pín ogún. Àgbàlagbà náà gbọ́ mi dáadáa, ó sì bínú nítorí mi. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti pín fún obìnrin, tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọkùnrin náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àáfà, ó ní:

"Bàbá, yíyá ni mo yá a. Èmi kò sọ pé tèmi ni. Ṣé a kì í yá nǹkan lọ́wọ́ ara wa nínú ilé kan náà ni?"

"Ìgbà wo lo máa dá a padà?"

"Bí iṣu bá ti tán, Bàbá."

Àáfà wojú mi. Mo rí i pé kò mọ ohun tó tún lè ṣe. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú onísùúrù, ó sì ṣàdúà fún wa. Iṣu kì í tán ní Ìpàtà. Òun náà mọ̀.

Ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé máṣíìnì náà wọ àgbàlá wa. Mo rò pé ó dá a padà ni. Epo ń kán láti abẹ́ kábúrétọ̀, ó ń ṣẹ́ sórí irin gbígbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Ìyàwó, wá wo nǹkan yìí. Láti àná ni epo ti ń dà báyìí. Kí lo ṣe sí i?"

Ọwọ́ táàpù wà ní PRI. Ẹnìkan ló yí i síbẹ̀ tí wọn kò yí i padà. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo lè ní mi ò mọ̀. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa di òkú irin padà, wọ́n á sì tún fi ṣe ìpín mi. Mo rò ó, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ń ṣeré níbẹ̀, ààrò ìyá ọkọ mi ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, epo sì ń kán sílẹ̀.

"Ẹ yí i sí ON, Àlàájì. Ẹ má fi í sí PRI mọ́, àyàfi bí epo bá tán pátá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da òmíràn sí i."

Ó yí i. Epo dúró. Àlàájì tàpá sí i, ó jí. "O ṣeun," ó ní, ó sì gùn ún jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tí mò ń jí ní ìdájí lọ dúró de bọ́ọ̀sì, mo bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó bá mi wá yàrá kan lábúlé. Mo kó àwọn ọmọ mi, mo kó kúrò nínú ilé náà. Ìyá ọkọ mi sunkún. Kò sọ pé kí n má lọ. Mo máa ń gbọ́ ohùn máṣíìnì yẹn lójú ọ̀nà ní àwọn ọjọ́ ọjà, mo mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òmíràn. Ó pẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ṣiṣẹ́ fún un dáadáa. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti tà á, ó ti ra ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tó ń tà á.

Ibi àdúà fìdáù tí wọ́n ṣe fún òkú ìyá ọkọ mi ni a tún ti pàdé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi ti dàgbà. Àgbàlá kún, wọ́n pín ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde láàárín àwọn èèyàn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó tọ́ka sí mi, ó ní kí wọ́n wo ìyàwó àbúrò òun, pé nínú gbogbo ìyàwó ilé náà, kò sí èyí tó níwà tó o, pé láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí lórí ohun ayé. Àwọn èèyàn ní máṣáláhù. Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi. Mo mi orí. Ìrẹsì wà lẹ́nu mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.